Àáró Ìjàpá Tí Kì Í Yí Kan Ẹlòmíràn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ra, kí àwọn àgbà lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò já lórí igi, kò já lórí àpáta, inú ọgbà òdòdó ló já sí. Ó bà lé Etu, ó bà lé Ọ̀yà, ó wá bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ kan ara òun.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan ṣoṣo, tí Erin sì jẹ́ Baálẹ̀ wọn, Etu ló ń bá ará ìlú tún àyíká ilé ṣe. Bí o bá fẹ́ kí òdòdó yọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ, Etu lo máa pè. Bí o bá fẹ́ fi pèrègún ṣe ọgbà yí ilé ká, Etu náà ni. Ó mọ igi tó fẹ́ oòrùn, ó mọ èyí tó fẹ́ ibòji. Ìyá Olódòdó ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ojora kì í tán lára Etu. Bí ewé kan bá já lẹ́yìn rẹ̀, á ti yí ọrùn padà. Bí ẹnì kan bá kí i, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àná, á máa rò ó títí yóò fi délé.

Ìlú náà ní àṣà kan. Àáró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Lónìí, gbogbo wa á kó ara wa lọ sí oko rẹ, a ó bá ọ ro ó. Bí tìrẹ bá parí, a ó kọjá sí tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kan gbogbo wa. Bí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oko ẹnì kan, ilé olóko ni ọkọ́ wa á máa sùn títí a ó fi kan ààlà. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé a ń padà bọ̀. Ọkọ́ náà kì í ṣe ọkọ́ lásán. Ti baba ẹni ni. Ẹranko tó bá wọ̀lú láìsí ọkọ́ léjìká, wọn á ní ó sá níbi àáró ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a dáwọ́ pọ̀ mọ́. Èèwọ̀ kan tún wà níbẹ̀: a kì í bi olóko pé ìgbà wo ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń béèrè.

Àwọn àgbà tó fi èèwọ̀ yẹn lélẹ̀ kò ro ti Ìjàpá mọ́ ọn.

Ní ọdún kan, Erin fẹ́ gba àlejò. Àwọn àna rẹ̀ ló ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè. Ó ní kí Etu gbin òdòdó yí ilé òun ká, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ẹ rò ó wò ná. Ilé tó gba Erin, ẹ mọ bí yóò ti tóbi tó. Ọmọ òdòdó tó wà lọ́wọ́ Etu kò tó ẹnu ọ̀nà ìta lásán. Ó káwọ́ lérí, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti káwọ́ lérí ni Ìjàpá ti yọ. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní òun gbọ́ ìṣòro Ìyá Olódòdó, oorun kò sì kùn òun. Ó ní òun ní ilẹ̀dú kan lẹ́yìn àpáta, tó jẹ́ pé bí igi ìdáná bá ṣubú síbẹ̀, á hù. Òun á máa tọ́ ọmọ òdòdó níbẹ̀, òun á sì máa fi ránṣẹ́. Etu bi í pé kí ni òun yóò fún un. Ìjàpá ní agbọ̀n iṣu kan ti tó fún gbogbo rẹ̀.

Etu wò ó. Agbọ̀n iṣu kan kò lè bọ́ ẹni tí yóò máa bomi rin irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ilé Erin tún yọ sí i lọ́kàn. Ó kàn béèrè pé kí ló mú kó rọrùn tó báyìí.

"Àáró ni," ni Ìjàpá wí. "Sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé mo ti wọ inú yín, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ṣe tèmi. Àbí kí ẹ máa ṣe àáró kí èmi jókòó sílé bí adìẹ tó sàba?"

Etu lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òkété wà níbẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, Ọ̀yà náà wà níbẹ̀. Ọ̀yà ni òun àti Etu ti jọ ṣe àáró pẹ́ jù. Aláwàdà ni. Ó máa ń sọ pé eyín òun ló tóbi tí ọgbọ́n òun kò fi ráyè dàgbà. Nígbà tí Etu dárúkọ Ìjàpá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Ìjàpá yìí náà ni, èyí tí wọ́n pè sí iṣẹ́ lọ́dún yẹn tó ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ torí òun gbé ilé pọ̀n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀yà nu ojú, ó wo Etu.

"Bí ìwọ bá ní ó dára," ó ní, "ó dára."

Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n lọ.

Alángbá ni Ìjàpá fi ṣe aláàárù. Òun ló gbé ìdì òdòdó àkọ́kọ́ dé. Ó rẹwà. Wọ́n fi ilẹ̀dú bo gbòǹgbò ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, wọ́n so ó dáadáa. Inú Etu dùn. Ó gbin iwájú ilé Erin. Ará ìlú ń kọjá, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́.

Ìdì mìíràn dé. Òmíràn tún dé. Etu ń gbìn, ojú rẹ̀ sì ń rí nǹkan. Ipa èékánná máa ń wà lára ilẹ̀dú tí wọ́n fi bo gbòǹgbò. Lákọ̀ọ́kọ́, ipa náà jinlẹ̀, ó sì mú. Nígbà tó yá, kò jinlẹ̀ mọ́. Nígbà tó tún yá, kò sí ipa èékánná níbẹ̀ rárá. Ojú ìka lásán ló kù. Okùn tí wọ́n fi so ó kò le mọ́. Ó dà bí okùn tí ẹni tébi ń pa so. Lọ́jọ́ kan, irun Ọ̀yà lẹ̀ mọ́ oje ara òdòdó. Etu ṣí i kúrò, ó gbé e sójú oòrùn. Ó ti funfun láti ìdí.

Ó bi Alángbá pé ṣé àlàáfíà ni àwọn tó wà lẹ́yìn àpáta wà. Alángbá mi orí. Ó bi í pé ṣé wọ́n ń jẹun. Alángbá mi orí. Ó ní àbí wọn kì í jẹun ni. Alángbá tún mi orí. Ẹ̀yin náà mọ Alángbá. Béèrè ohun tó wù ọ́, orí ni yóò mì.

Etu gba ìdì náà, ó gbìn ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ó rí gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ó sì gbìn ín.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀yà, máa ń gba ẹ̀yìn ilé Erin kọjá tó bá ń lọ pọnmi. Lọ́jọ́ kan, ó dúró. Ó kí Etu, Etu dá a lóhùn, kò sì wojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ Bàbá Ìjàpá mà tóbi o," ni Àwẹ̀ró wí. "Koríko ti ga ju ewé iṣu wa lọ. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Bí ó bá bú Etu, ì bá sàn. "Bí ìwọ bá ní ó dára, ó dára." Ọ̀rọ̀ Ọ̀yà yẹn ń dún ní etí rẹ̀ ṣáá bí eṣinṣin inú akèrègbè.

Lọ́jọ́ kejì, Erin ránṣẹ́ sí i. Ó ní iwájú ilé òun dára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, àwọn àna òun sì ti ń múra. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá ti ju Etu lọ, kí ó sọ, kí òun wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rù Etu wá di méjì. Ọ̀kan ń sọ pé kó yára gba òdòdó sí i. Èkejì ń sọ pé kó lọ wo ibi tí òdòdó ti ń wá. Ó rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé rẹ̀ títí ibẹ̀ fi dán. Nígbẹ̀yìn, ó mú ọ̀nà àpáta pọ̀n.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lára ni ìdákẹ́jẹ́. Ibi tí Ọ̀yà bá ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rín lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ọgbà náà lọ salalu, òdòdó pupa, òdòdó funfun, ó ń dán bí aṣọ tuntun. Láàárín rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wa ilẹ̀. Òkété kò gbójú sókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbàgbé ìrù rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Irun ọrùn Ọ̀yà ti re tán. Alángbá dùbúlẹ̀ sórí òkúta gíga kan, ó ń ṣọ́ wọn.

Ìjàpá jáde wá, ó yọ̀ mọ́ Etu, ó ní kó wá wo oore. Etu bi í pé ọkọ́ àwọn ẹgbẹ́ òun dà. Ìjàpá ní wọ́n wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, nínú ilé olóko, bí àṣà ti wí. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni títọ́ ọmọ òdòdó, ọkọ́ á gé gbòǹgbò. Etu tún la ẹnu láti béèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Ìjàpá kàn wò ó.

"Ìyá Olódòdó," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ṣé o fẹ́ bi olóko ni?"

Ìjàpá ní oúnjẹ òun ń tutù, ó wọlé lọ jẹun.

Etu ń rìn létí ọgbà bí ẹni tó ń ṣa òdòdó. Ó dé ìdí pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Ewé wọn rọ. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó mì. Ẹ mọ̀ pé pèrègún tó bá ti ta gbòǹgbò, ìjì kì í mì ín. Ó wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ihò tí wọ́n ti hú u tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ihò yẹn, ihò mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn, tí koríko ti ń bò. Ìjàpá ń gbé ààlà rìn. Bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ kan pèrègún, á hú pèrègún, á lọ gbìn ín síwájú. Àáró rẹ̀ kò ní parí láéláé.

Báwo ni yóò ṣe bá Ọ̀yà sọ̀rọ̀? Alángbá wà lórí òkúta. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Alángbá fẹ́ràn tó orin. Etu bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ní "Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará oko.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Ọkọ́ baba yín dà, èmi ò rí i?
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Alángbá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí orin. Ọ̀yà kò gbójú sókè. Ó dá a lóhùn láti inú ilẹ̀ tó ń wà:

Abẹ́ ibùsùn olóko ló ń sùn.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Bí mo bá sá lọ, ta ni yóò gbà mí?
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Ààlà ń rìn, ọwọ́ mi kò tó o.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Ẹ kí Àwẹ̀ró, ẹ ní mo ń bọ̀.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Ẹ ṣeun. Alángbá gbádùn orin náà débi pé ó ń mi orí títí Etu fi kúrò níbẹ̀.

Etu mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Bí ó bá lọ sọ fún Erin, Erin á bi í pé òdòdó tó yí ilé òun ká ńkọ́, ta ló gbìn ín, kí ló rí kó tó gbìn ín. Ó lè pàdánù iṣẹ́ náà. Ó lè pàdánù gbogbo ilé tó ń tún ṣe. Ọkàn kan wí fún un pé kó jẹ́ kí ẹ̀yìn ilé Erin parí ná. Ó fẹ́ gbà. Ó wá gba ọ̀nà oko Ọ̀yà kọjá, ó rí Àwẹ̀ró nínú koríko, ọmọ lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ fa èyí tí ọkọ́ yẹ kó ro. Etu yí padà kí Àwẹ̀ró tó rí i.

Erin ní ìṣe kan. Bí iṣẹ́ ńlá bá parí nílé rẹ̀, á pe gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ sí i, wọn á gbé ọkọ́ sókè, á sì fún ẹni tó ni ọkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú àkùrọ̀ etí odò. Ilẹ̀ tó dára ju gbogbo ilẹ̀ ìlú náà lọ ni. Etu padà lọ bá Ìjàpá. Ó ní iṣẹ́ ti fẹ́ parí, Baálẹ̀ yóò pín àkùrọ̀, ọkọ́ kan, ìpín kan. Ó ní èyí tó kù ni pé òun kò mọ̀ bóyá Ìjàpá lọ́kọ́ tó pọ̀.

Ìjàpá gbé itọ́ mì. Ó ní ọkọ́ pọ̀ nílé òun. Ó ní ṣé òun kò lè dì wọ́n lókùn kí òun gbé wọn wá.

"Ọkọ́ tí kò bá lọ́wọ́ nídìí, igi lásán ni lójú Baálẹ̀," ni Etu wí.

Ojúkòkòrò ti di Ìjàpá létí. Ó wọ abẹ́ ibùsùn, ó kó ọkọ́ jáde. Ó pín wọn fún àwọn ẹgbẹ́ Etu. Ó ní bí Baálẹ̀ bá bi wọ́n, kí wọ́n ní ti Ìjàpá ni. Ó ní ẹni tó bá sọ ohun mìíràn, òun á kéde fún gbogbo ìlú pé ó sá níbi àáró, a ó sì wo ẹni tí yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ roko títí wọn yóò fi darúgbó.

Etu bẹ Erin pé kó pe ìlú jọ kí àwọn àna rẹ̀ tó dé, bí ẹ̀yìn ilé kò tilẹ̀ tíì parí. Gbogbo ìlú pé sí iwájú ilé Erin. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀, kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó fọwọ́ bo ẹnu. Etu dúró sí ìdí òdòdó tirẹ̀, ó ń retí. Ohun tó rò ni pé, bí ọkọ́ bá ti dé ọwọ́ wọn, tí wọ́n bá sì wà lójú gbogbo ìlú, ẹnu wọn á là.

Erin na ọwọ́jà rẹ̀ sí Òkété, ó ní ọkọ́ ta nìyí. Òkété wolẹ̀. Ó ní ti Ìjàpá ni. Erin bi Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ti Ìjàpá ni. Ìjàpá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń wo apá ibi tí àkùrọ̀ wà. Erin yíjú sí Ọ̀yà. Ọ̀yà wo Àwẹ̀ró, ó wo Ìjàpá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ti Ìjà..."

Etu kò mọ ìgbà tí orókún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ má tíì pín ilẹ̀. Òdòdó tí mo gbìn fún yín kò mọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ààlà tó ń rìn, ó sọ ti ọkọ́ abẹ́ ibùsùn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn tó wà níwájú. Erin gbọ́ ọ títí. Etí rẹ̀ kò fẹ́.

"Ìwọ mọ̀, o sì gbìn ín sílé mi?"

"Mo rí ipa ọwọ́ wọn, Baálẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń parẹ́, mo sì ń gbìn ín lọ. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Ìyá Olódòdó. Agbọ̀n iṣu kan ló fi gba òdòdó tó yí ilé Baálẹ̀ ká. Òdòdó hù tán, ó wá ń sunkún ẹni tó tọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ náà dun Etu wọra, nítorí òótọ́ ni. Ìjàpá rí i pé àwọn kan ń mi orí, ó gbóhùn sókè. "Ta ni mo dè lókùn? Ẹsẹ̀ wọn kò ha wà lára wọn? Àáró ni mo pè wọ́n sí. Ọkọ́ wọn wà nílé mi bí àṣà baba wa ti wí."

Erin fẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọkọ́ ta?"

Ìjàpá fi ọwọ́ họ ọrùn.

"Bí ọkọ́ bá jẹ́ tìrẹ," ni Erin wí, "a jẹ́ pé wọn kò gbé ọkọ́ wá sí àáró kankan nílé rẹ. Bí ó bá sì jẹ́ tiwọn, àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀. Mú ọ̀kan, Ìjàpá. Ìlú ń gbọ́."

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sí apá àkùrọ̀. Kò lè mú ọ̀kankan, nítorí méjèèjì ló fẹ́. Níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀yà gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ náà kò léèékánná mọ́.

"Baba mi ló gbẹ́ igi rẹ̀," ó ní. "Mo mọ ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti gé e."

Ó gbé e lé èjìká. Òkété wò ó, òun náà gbé tirẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlú hó.

Erin ní àáró kì í dúró sójú kan, ó gbọ́dọ̀ yí. Ó ní Ìjàpá ti gba ti gbogbo wọn, ó kù kó san án padà, oko Ọ̀yà ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ìjàpá ní òun kò lọ́kọ́. Òótọ́ ni, kò ní ọ̀kan rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ tọrọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mumi. Ó gba àárín òdòdó kọjá, wọn kò rí i mọ́. Títí di òní, bí Ìjàpá bá gbọ́ ìró ọkọ́ nínú oko, á fa orí wọlé, á fa ọwọ́ wọlé, á ṣe bí òkúta. Alángbá ńkọ́? Wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó mi orí.

Erin kò fún Etu ní ilẹ̀. Àwọn tó tọ́ òdòdó ló fún. Ó ní kí ẹ̀yìn ilé òun wà ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, bí àwọn àna òun bá béèrè, òun á sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n sì béèrè, ó sì sọ ọ́. Àwọn ilé kan kò pe Etu mọ́. Wọ́n ní obìnrin tó ń béèrè nǹkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń béèrè. Láti ọjọ́ náà, kò gba ọmọ òdòdó kan, kò gba ilẹ̀dú, kò gba agbọ̀n, láìlọ sí ibi tó ti wá. Á wo ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Á bi í, lójú olóko, pé ọkọ́ rẹ dà, ìgbà wo lo ń relé. Nígbà tó pẹ́, àwọn ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bẹ́ẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ mọ́.

Ọ̀yà kò bá Etu sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Etu kò bínú sí i. Nígbà tí àáró kan oko Etu, Ọ̀yà wá, ó ro ibi tó kàn án, kò ṣe àwàdà kankan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọkọ́ rẹ̀ lọ sílé. Etu ló ní kó máa mú un lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ tán: ohun tó bá rọrùn jù fún ẹ láti rà, ó lè jẹ́ pé ó ń ni ẹnì kan lára níbi tí ojú rẹ kò dé. Má ṣe fi àṣà bo ojú, má ṣe sọ pé kì í ṣe ìwọ lo dè é mọ́lẹ̀. Bí ẹnu bá wúwo láti béèrè, jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbé ọ lọ wò ó.